Ẹ̀PẸ́ ETÍ Ọ̀SÀ: ÌLÚ TÍ ÓGBA ÌSÁǸSÁ LÁLEJÒ

Ẹ̀yin oníṣòwò Ìmọ̀tà tí ẹ ń ná ọjà Ẹ̀pẹ́, bí ẹ bá ti ra ẹja tán, ẹ ha bèèrè rí ìdí tí apá kan ìlú náà fi ń jẹ́ Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́, tí apá kejì sì ń jẹ́ Èkó-Ẹ̀pẹ́?

Àwọn Ìjẹ̀bú ni ó kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Ní Oṣù Kejìlá ọdún 1851, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ọkọ̀ ogun yìnbọn sí Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, wọ́n sì dá Akíntóyè padà. Kòsọ́kọ́ sá lọ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, Awùjalẹ̀ sì fún un láyè láti máa gbé ní Ẹ̀pẹ́, òun àti Òṣóòdì Tápà pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, tí àwọn Mùsùlùmí wà nínú wọn.

Ìsáǹsá náà kò káwọ́ gbera. Ní ọjọ́ 28 Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854, ó bá Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, dá májẹ̀mú: kò ní í gbógun ti Èkó mọ́, yóò sì fi òwò ẹrú sílẹ̀; àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn gbà pé èbúté Pálmà jẹ́ tirẹ̀ fún òwò.

Ní ọdún 1862, a gbà fún un láti padà sí Èkó. Ibi tí Òṣóòdì àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tẹ̀dó sí ni à ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó títí di òní. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ni ó bá a padà. Àwọn tí ó kù ni ó di Èkó-Ẹ̀pẹ́. Ẹ kò rí nǹkan! Ará Èkó ń jẹ́ orúkọ Ẹ̀pẹ́ ní Èkó, ará Ẹ̀pẹ́ sì ń jẹ́ orúkọ Èkó ní Ẹ̀pẹ́.

Lẹ́yìn Iléyá lọ́dọọdún, àwọn Èkó-Ẹ̀pẹ́ a máa ṣe ọdún Káyókáyó ní ìrántí ìgbà tí wọ́n gúnlẹ̀. Àwọn Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ a sì máa ṣe Òkòsì tiwọn, tí a ń fi ọkọ̀ dárà lórí ọ̀sà.

Lóde òní, bí aáwọ̀ ilẹ̀ bá dé, ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ ń yá wa lẹ́nu ni pé, "Àjèjì ni ọ́." Ẹ jẹ́ kí a rántí Ẹ̀pẹ́. Ilé ni à á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ bi àwọn àgbà ilé yín léèrè, kí ẹ tó pe aládùúgbò yín ní àlejò.