San Francisco: Ṣọ́ọ̀bù Ṣófo, Èèyàn Ń Sùn sí Títì

Láti Union Square, ojúko ọjà olówó ńlá ní ìlú San Francisco, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò ní í pé tí èèyàn fi máa dé àdúgbò Tenderloin. Ní Union Square ni àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ńláńlá àti ilé aṣọ olówó iyebíye wà. Ní Tenderloin, àwọn kan ta àgọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì, àwọn mìíràn tẹ́ páálí, wọ́n sùn lé e lórí, ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní láti yà fún wọn kó tó kọjá. Káàkiri àárín ìlú náà, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti tì pa pọ̀ lọ súà. Fídíò ibẹ̀ ti dé orí fóònù ọ̀pọ̀ nínú wa, pẹ̀lú ohùn ẹnì kan tó ń pariwo pé Amẹ́ríkà ti bàjẹ́. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dé ibi tó dé ni fídíò kì í sọ.

Àwọn ará ìlú náà fúnra wọn kò fẹnu kò. Àwọn oníṣòwò ní àwọn aláìnílé àti olè ló lé oníbàárà lọ. Àwọn ayálégbé ní àwọn olówó ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ló sọ ilé di ọ̀wọ́n gógó. Àwọn kan tún ní ìlú ló kọ̀ tí kò kọ́lé. Gbogbo wọn ló ní òótọ́ díẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ohun kan náà ló bí ilé tó wọ́n, èèyàn tó ń sùn níta àti ṣọ́ọ̀bù tó ṣófo: ilé ti di ibi tí wọ́n ń kó owó pa mọ́ sí ju ibi tí èèyàn ń gbé lọ, òfin sì wà lẹ́yìn ẹni tó ń kó owó pa mọ́.

Ká bẹ̀rẹ̀ látẹ̀yìn. Àárín ìlú San Francisco kún nígbà kan fún àwọn hòtẹ́ẹ̀lì kéékèèké tí wọ́n ń pè ní SRO. Yàrá kan ṣoṣo ni ayálégbé ní, òun àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ á sì jọ máa lo ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan náà, bíi ti ilé féèsì-mi-n-féèsì-ẹ tiwa. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, alágbàṣe, arúgbó tí kò ní ju owó ìfẹ̀yìntì lọ, àwọn ló ń gbé ibẹ̀. Yàrá náà kò dára tó, ṣùgbọ́n òun ni kì í jẹ́ kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan sùn síta. Láti bí ọdún 1950 síwájú, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wó wọn lórúkọ àtúnkọ́ ìlú. Ní àdúgbò South of Market, ẹgbẹẹgbẹ̀rún yàrá ló lọ kí wọ́n tó kọ́ gbọ̀ngàn àpérò ńlá síbẹ̀. Ní àdúgbò Fillmore, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé aláwọ̀ dúdú ni wọ́n lé kúrò, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì rí ọ̀nà padà. Lọ́dún 1970, nínú èèyàn ọgọ́rùn-ún ní ìlú náà, bí mẹ́tàlá ni aláwọ̀ dúdú. Lónìí wọn kò ju bíi márùn-ún lọ, síbẹ̀ ìpín wọn láàárín àwọn aláìnílé ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Ìtàn International Hotel ni àwọn àgbà ìlú náà ò tíì gbàgbé. Lóru ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ ọdún 1977, ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá wá lé àwọn arúgbó ọmọ Philippines àti China jáde nínú hòtẹ́ẹ̀lì náà ní Kearny Street, nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn so ọwọ́ pọ̀ yí ilé náà ká láti dá wọn dúró. Agbára ọlọ́pàá borí. Wọ́n wó ilé náà, ilẹ̀ rẹ̀ sì ṣófo fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Ọdún 2005 ni ilé tuntun fún àwọn àgbà tí owó wọn kò pọ̀ tó ṣí níbẹ̀. Wọ́n lé àwọn arúgbó kúrò láìsí ohun tí wọ́n tètè fi ilẹ̀ náà ṣe. Mi ò mọ ìtàn mìíràn tó fi ọ̀rọ̀ ìlú yìí hàn kedere ju èyí lọ.

Ìjọba ìlú gbìyànjú láti dáàbò bo ayálégbé. Lọ́dún 1979 ó ṣe òfin pé onílé kò gbọ́dọ̀ fi owó ilé kún bó ṣe wù ú. Ilé tó ti wà ṣáájú àárín ọdún náà nìkan ni òfin yìí mú. Lọ́dún 1985, ìpínlẹ̀ California ṣe òfin Ellis tó jẹ́ kí onílé lè lé gbogbo ayálégbé rẹ̀ jáde tó bá ní òun kò fi ilé náà háyà mọ́. Lọ́dún 1995 ni òfin Costa-Hawkins tún dé: bí ayálégbé bá ti kó jáde, onílé lè pe iye tó bá wù ú lé ẹni tó ń bọ̀ lórí. Ẹ wo ohun tí òfin mẹ́ta yìí jọ ṣe. Ayálégbé tó ti pẹ́ nínú ilé ń san owó táṣẹ́rẹ́. Bó bá jáde lónìí, onílé lè gba ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta lọ́la. Ayálégbé àtijọ́ wá di ẹni tí onílé ń wá ọ̀nà láti lé. Arábìnrin àgbàlagbà tó ti gbé ilé kan fún ọgbọ̀n ọdún ló wá di gbèsè lójú onílé.

Orí ilẹ̀ yìí ni owó ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ bọ́ sí. Lọ́dún 2011, nígbà tí Ed Lee jẹ́ Méyọ̀, ìlú náà dín owó orí kù fún ilé-iṣẹ́ tó bá wá sí Market Street àti Tenderloin, kí àdúgbò náà lè jí. Twitter kó wá lọ́dún 2012, àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Àwọn tó ń gba owó oṣù gọbọi rọ́ wọ ìlú tí kì í kọ́lé, owó ilé sì fò sókè. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, àwọn ará àdúgbò dúró síwájú bọ́ọ̀sì tó ń kó òṣìṣẹ́ Google lọ síbi iṣẹ́, wọn ò jẹ́ kó lọ. Ìbínú wọn ní ìdí. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba iṣẹ́ tó wá síbi iṣẹ́ kọ́ ló dá ọ̀wọ́n gógó ilé sílẹ̀. Iṣẹ́ ti pọ̀ ju ilé lọ, ìlú ló sì fi òfin dí ọ̀nà ilé.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe ń dí i, ẹ wo ilẹ̀ kan ní 469 Stevenson Street. Ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ oníbàárà ilé ìtajà Nordstrom sí ni. Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ kọ́ ilé gbígbé 495 síbẹ̀, apá kan nínú rẹ̀ fún àwọn tí owó wọn kò pọ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú dì ìbò mẹ́jọ sí mẹ́ta, wọ́n dá a dúró. Àwọn tó takò ó bẹ̀rù pé ilé tuntun yóò fa olówó wọ àdúgbò náà, yóò sì lé tálákà. Wọ́n tún ní àyẹ̀wò lórí ìmìtìtì ilẹ̀ kò tó. Mo mọ ibi tí ẹ̀rù náà ti wá. Àwọn tó rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Fillmore kò lè gba ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń gbé orí ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, kò sí ayálégbé kan tí wọn yóò lé. Ìlú tún fọwọ́ sí iṣẹ́ náà lọ́dún 2023, èlé lórí owó yíyá sì ti ga fíofío nígbà náà. Nordstrom alára ti ilẹ̀kùn pa nínú oṣù Kẹjọ ọdún náà.

Èyí ló gbé wa dórí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, àrùn kòrónà rán gbogbo òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì lọ sílé, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì padà wá lójoojúmọ́ mọ́. Títí di ọdún 2024, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta ọ́fíìsì ìlú náà tó ṣófo. Àwọn tó máa ń ra oúnjẹ ọ̀sán, tó máa ń fọ aṣọ, tó máa ń ya ilé ìtajà bí wọ́n bá jáde níbi iṣẹ́, ẹsẹ̀ wọn ti kúrò níbẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ tó ni Westfield, ilé ọjà ńlá ní Market Street, jáwọ́ nínú sísan ẹ̀yáwó dọ́là mílíọ̀nù 558 tó wà lórí rẹ̀. Lóṣù kan náà, àwọn tó ni hòtẹ́ẹ̀lì Hilton Union Square àti Parc 55 ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ẹ̀yáwó dọ́là mílíọ̀nù 725.

Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń bi ara wọn ni pé: bí ọjà bá kú, kí ló dé tí onílé kì í dín owó háyà kù kí ṣọ́ọ̀bù má baà ṣófo? Ìdáhùn wà lọ́wọ́ báńkì. Ká ní onílé kan yáwó ra ilé ọjà kan. Owó háyà tí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ń mú wọlé ni báńkì fi ṣírò iye tí ilé náà tó. Bí onílé bá gbà kí ayálégbé tuntun san ìdajì, tó sì fọwọ́ sí ìwé ọdún mẹ́wàá, iye ilé náà já wálẹ̀ lójú báńkì, báńkì sì lè ní kó wá fi owó kún un. Bó bá ti ilẹ̀kùn pa, tó ń pe iye àtijọ́ lọ, ìwé rẹ̀ ṣì mọ́ lójú báńkì fún ìgbà díẹ̀. Owó orí kò sì fi bẹ́ẹ̀ dùn ún, pàápàá bó bá ti pẹ́ tó ra ilé náà: láti ọdún 1978, òfin Proposition 13 ti dé owó orí ilé mọ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún iye tí wọ́n rà á, kò sì lè ga ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ lọ́dún títí wọn yóò fi tà á. Ẹni tó ra ilé ọjà ní ogójì ọdún sẹ́yìn lè fi í sílẹ̀ láìlò, kó má sì mọ̀ ọ́n lára.

Àwọn olùdìbò rí èyí. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020 wọ́n gbà kí wọ́n máa gba owó orí lórí ṣọ́ọ̀bù tó bá ṣófo ju ìdajì ọdún lọ: dọ́là 250 lórí ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan tí iwájú ṣọ́ọ̀bù náà fẹ̀, kó sì máa ga sí i bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Àwọn títì ọjà inú àdúgbò ni òfin náà dárúkọ. Kò mú àárín ìlú, níbi tí òfìfo ti pọ̀ jù.

Àwọn oníṣòwò ní kí la ti wí nípa olè. Ìyà ń jẹ wọ́n, mi ò ní sọ pé irọ́ ni. Whole Foods ṣí ilé ìtajà oúnjẹ ńlá sí Market Street ní oṣù Kẹta ọdún 2022, ó tì í pa ní oṣù Kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e, ó ní ààbò òṣìṣẹ́ òun ló ká òun lára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ilé ìtajà oògùn Walgreens náà. Lọ́dún 2021 ó ní òun ti ṣọ́ọ̀bù márùn-ún pa ní ìlú náà nítorí olè. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, ọ̀gá tó ń ṣe ìṣirò owó rẹ̀ gbà níwájú àwọn olùdókòwò pé ó ṣeé ṣe káwọn ti pariwo jù. Olè wà, àmọ́ òun nìkan kọ́ ló ti ilẹ̀kùn wọ̀nyẹn.

Àwọn tó ń sùn níta wá ńkọ́? Nínú ìkànìyàn ọdún 2024, aláìnílé 8,323 ni wọ́n rí lálẹ́ ọjọ́ kan, ó sì lé ní ìdajì wọn tí kò sí nínú ibùwọ̀ kankan. Àwọn kan máa ń sọ pé láti ìpínlẹ̀ mìíràn ni wọ́n ti ya wá jẹ owó ìjọba. Ìwádìí Yunifásítì California ní San Francisco, tí Dókítà Margot Kushel ṣáájú, tó sì jáde lọ́dún 2023, bá àwọn aláìnílé tó lé ní 3,000 sọ̀rọ̀ káàkiri ìpínlẹ̀ náà. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló jẹ́ pé California ni wọ́n wà nígbà tí wọ́n pàdánù ilé. Ìdajì wọn ni owó ìdílé wọn kò ju dọ́là 960 lọ lóṣù kí wọ́n tó bọ́ síta, ní ìpínlẹ̀ tí yàrá kan lásán lè gba gbogbo rẹ̀ tán. Èyí tó dùn mí jù ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ní bí ẹnì kan bá ti ran àwọn lọ́wọ́ pẹ̀lú dọ́là 300 sí 500 lóṣù, àwọn ì bá má kúrò nílé.

Òògùn olóró ń pa wọ́n, kò ṣeé gbójú fò: lọ́dún 2023, ó lé ní 800 èèyàn tí àlòjù òògùn pa ní San Francisco, fentanyl ló sì pa èyí tó pọ̀ jù. Síbẹ̀, lọ́dún náà, West Virginia ni ìpínlẹ̀ tí òògùn ti pa èèyàn jù ní Amẹ́ríkà bí a bá fi wé iye èèyàn ibẹ̀, aláìnílé ibẹ̀ kò sì tó ti California rárá. Ilé kò wọ́n níbẹ̀. Ní West Virginia, ẹni tí òògùn ń bá jà ṣì lè rí yàrá san. Ní San Francisco, títì ni yóò bá ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ ìlú Grants Pass, ó ní ìlú lè fìyà jẹ ẹni tó bá sùn síta, kódà bí kò bá sí ibùwọ̀. London Breed, Méyọ̀ San Francisco nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí í tú àgọ́ ká kíákíá. Daniel Lurie na Breed nínú ìdìbò oṣù Kọkànlá ọdún náà, àgọ́ títú sì ń bá a lọ. Títì mọ́, ó dára fún ojú. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n lé ní Tenderloin ń sùn ní àdúgbò Mission ni. Houston ní Texas gba ọ̀nà mìíràn: láti ọdún 2011 ó ń kó aláìnílé sínú ilé ná, ó ń tọ́jú ìyókù lẹ́yìn náà, iye wọn sì ti dín kù ju ìdajì lọ. Ilé pọ̀ ní Houston, kò sì wọ́n, ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi rọrùn fún un.

Ẹ̀yin tí fídíò náà bá tún tẹ̀ lọ́wọ́, ẹ má fi iye àgọ́ wọn iṣẹ́ Méyọ̀. Ẹ bèèrè iye ilé tí wọ́n parí àti ẹni tó lè san owó rẹ̀. Ìjọba California ti sọ ohun tí San Francisco jẹ: ilé tó lé ní 82,000 láàárín ọdún 2023 sí 2031, ó sì gbọ́dọ̀ lé ní ìdajì wọn tí yóò jẹ́ fún àwọn tí owó wọn kéré tàbí tó mọ níwọ̀n.