Bọ́dì Le, Ẹ́ńjìnnì Ló Rẹ̀: A Lọ Sí Ládípọ̀

Ẹni tó bá bọ́ sílẹ̀ ní bọ́sítọ́ọ̀pù Toyota lójú títì Òṣòdì sí Àpápá, tó wá forí lé Pápá Àjàó, kò nílò kí ẹnikẹ́ni júwe ọjà Ládípọ̀ fún un. Ọ́ìlì ti sọ ilẹ̀ ibẹ̀ di dúdú. Ẹ́ńjìnnì tò lọ rẹrẹ níwájú ṣọ́ọ̀bù, jíà wà lórí jíà, àwọn tó ń ti ọmọlanke sì ń pariwo “Ẹ yà o!”

Ẹ̀gbọ́n mi kan ni mo sìn lọ, pẹ̀lú mẹkáníìkì wọn. Corolla ọdún 2001 ni wọ́n ń lò. Bọ́dì rẹ̀ ṣì le, abẹ́ rẹ̀ kò dípẹtà, jíà ń wọlé geere, ṣùgbọ́n èéfín aláwọ̀ aró ń yọ lẹ́yìn rẹ̀, ọ́ìlì kì í sì í pẹ́ gbẹ. Àwọn ará ilé ní kí wọ́n tà á, kí wọ́n fowó kún un ra òmíràn. Òmíràn wo? Ètò ìjọba àpapọ̀ lọ́dún 2013 gbé owó bodè ọkọ̀ tuntun dé ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n dín in kù nígbà tó yá, àmọ́ náírà já wálẹ̀ lóṣù kẹfà ọdún 2023, tòkunbọ̀ pàápàá wá ga ju ọwọ́ òṣìṣẹ́ lọ.

Àìsàn Corolla yẹn kì í ṣe àdììtú. Ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE ló wà nínú rẹ̀. Ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà lára písítìn àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ kéré. Ó ń dí, ríǹgì á lẹ̀, ọ́ìlì á máa jóná. Toyota tún písítìn náà ṣe lẹ́yìn náà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì tó jáde lára Corolla 2003 sókè la wá wá láti fi rọ́pò rẹ̀.

“Ọ̀gá, Bẹ́ljíọ̀mù ni o!” ni ọlọ́jà kan wí nípa ẹ́ńjìnnì tó fi hàn wá, ìyẹn ni pé tòkunbọ̀ ni. Mẹkáníìkì kò dá a lóhùn. Ó ṣí ìdérí ọ́ìlì, ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ó ní bí a bá rí ohun tó funfun bí ògì níbẹ̀, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì nìyẹn, ká máa lọ. Kò rí i. Ó tú plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó de géèjì tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpọ̀ (compression) mọ́ ihò kìíní, wọ́n fi bátìrì ta sítátà. Abẹ́rẹ́ géèjì fò kọjá 170 psi. Ìkejì náà, bẹ́ẹ̀. Ìkẹta dúró sí 120. Ó tú géèjì rẹ̀, ó nu ọwọ́, ó bọ́ sídìí ẹ́ńjìnnì mìíràn. Inú mi dùn sí i gan-an. Toyota fúnra rẹ̀ fi 145 ṣe ìsàlẹ̀ pátápátá fún 1ZZ-FE, ihò kan kò sì gbọdọ̀ jìnnà sí èkejì.

Ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ẹ́ńjìnnì kejì sún mọ́ 180. A nájà díẹ̀, ọlọ́jà sì gbà pé bó bá yọ èéfín, ká gbé e padà.

Ìwé ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú ìwé mọ́tò. Bí ẹ kò bá lọ yí i padà ní ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì, ọlọ́pàá tó bá ní kí ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lè pè yín lólè. Ẹ̀gbọ́n mi dúró títí ọlọ́jà fi kọ nọ́ńbà náà sórí rìsíìtì.

Bí abẹ́ mọ́tò yín bá ti dípẹtà, ẹ má fowó ẹ́ńjìnnì ṣòfò. Bó bá ṣì le, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá mẹkáníìkì tó ní géèjì, ẹ má sì sanwó títí ẹ ó fi rí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì lórí rìsíìtì.