Àjàṣẹ́ Láàárín Àwọn Alágbára

Orúkọ mẹ́ta ni ìlú wa ń jẹ́. Àwọn ọmọ Yorùbá ń pè é ní Àjàṣẹ́. Àwọn Gùn tí a jọ ń gbé ń pè é ní Hogbonou. Àwọn Potogí tí wọ́n wá ṣòwò ní ọ̀rúndún kejìdínlógún sì sọ ọ́ ní Porto-Novo, èyíinì ni èbúté tuntun. Àwọn ọ̀dọ́ wa ń lo orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìbéèrè bí wọ́n ṣe pàdé lórí ìlú kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀, ìlú tí ìbátan àti àjèjì jọ sọ lórúkọ kò dá gbé ayé rí. Láti ìgbà láéláé ni Àjàṣẹ́ ti wà láàárín àwọn tí ó lágbára jù ú lọ, tí ó sì ní láti yan ẹni tí yóò fẹ̀yìn tì. Ta ni ó yàn? Kí ni ó san lé e? Ìbéèrè wọ̀nyí kì í ṣe ti àwọn òkú nìkan. Àwa náà ṣì ń dáhùn wọn lójoojúmọ́.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ fún wa pé àwọn Yorùbá ti tẹ̀dó sí àdúgbò Accron kí àwọn ará Allada tó dé. Ní òpin ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni Te-Agbanlin, ọmọ ọba Allada, dé sí etí ọ̀sà yìí, tí ó sì fi ìdí ìjọba rẹ̀ múlẹ̀. Ìtàn kan náà sọ pé láti inú ìdílé ọba Allada yìí ni àwọn tí wọ́n gba ìhà àríwá lọ dá ìjọba Abomey sílẹ̀ ti jáde. Nítorí náà, ọ̀tá tí ó dẹ́rù ba Àjàṣẹ́ jù lọ fún ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìbátan ni.

Abẹ́ òjìji Ọ̀yọ́

Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, Ọ̀yọ́ ni ọ̀gá ní agbègbè yìí. Àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀ ti ṣẹ́gun Dahomey, ọba Dahomey sì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Aláàfin. Aláàfin Abíọ́dún, tí ó jọba ní nǹkan bí ọdún 1774 sí 1789, sọ Àjàṣẹ́ di ojú ọ̀nà tí Ọ̀yọ́ ń gbà bá àwọn òyìnbó etí òkun ṣòwò. Dahomey kò lè fọwọ́ kan èbúté tí Aláàfin ń jẹ níbẹ̀. Ààbò gidi ni èyí jẹ́ fún ìlú kékeré.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ nípa ohun tí wọ́n ń tà lójú ọ̀nà náà. Ènìyàn ni. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ogun kó ní ilẹ̀ wa àti ní ilẹ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n kó gba etíkun yìí kọjá lọ sí Brazil. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, díẹ̀ nínú àwọn tí wọ́n gba òmìnira, àti àwọn ọmọ wọn, padà sí etíkun yìí. Àwọn ni a ń pè ní Àgùdà. Mọ́sáláṣí ńlá tí ó wà ní àárín ìlú, tí àwọn àlejò máa ń rò pé ilé ìjọsìn Kìrìsìtẹ́nì ni nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ rí i, ọwọ́ wọn ni ó ti wá. Ọ̀nà tí ìlú gbà là ni ọmọ ẹlòmíràn gbà ṣègbé. Ẹni tí yóò bá sọ ìtàn Àjàṣẹ́ ní láti sọ méjèèjì pọ̀.

Sodji àti Toffa

Nígbà tí Ọ̀yọ́ fọ́, tí Dahomey sì já ara rẹ̀ gbà ní àkókò ọba Ghézo, òjìji tí Àjàṣẹ́ ń sá sí kò sí mọ́. Ní ọdún 1861, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó. Ní ọdún kan náà, àwọn ọkọ̀ ogun wọn gba ojú ọ̀sà wá, wọ́n sì yìnbọn àgbá lu ìlú wa. Ọba Sodji wo ìwọ̀-oòrùn, ó rí Dahomey. Ó wo ìlà-oòrùn, ó rí Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1863, ó ké sí Faransé. Àwọn Faransé kò pẹ́ tí wọ́n fi kó ẹrù wọn lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti mọ ọ̀nà ilé.

Toffa, tí ó gorí ìtẹ́ ní ọdún 1874, ni ó tún ṣí ilẹ̀kùn náà fún wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1880. Ohun tí ó tẹ̀lé e ni a ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́: ogun ọdún 1890, ogun ọdún 1892, bí ọ̀gágun Dodds ṣe wọ Abomey ní oṣù kọkànlá ọdún náà, bí Béhanzin ṣe jọ̀wọ́ ara rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1894, tí wọ́n gbé e lọ sí Martinique, tí ó sì kú sí Algiers ní ọdún 1906.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ máa ń sọ pé akọni ni Béhanzin, ọ̀dàlẹ̀ ni Toffa. Ó rọrùn láti sọ bẹ́ẹ̀. Ìlú wa fúnra rẹ̀ kò tíì mọ èyí tí yóò mú nínú àwọn méjèèjì: ère Toffa dúró ní Place Jean Bayol, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa tí ó lókìkí jù lọ, tí ó ti ń jẹ́ orúkọ gómìnà Victor Ballot tẹ́lẹ̀, Béhanzin ni ó ń jẹ́ nísinsìnyí, ọ̀tá Toffa paraku. Kí a tó dá Toffa lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí a rántí Kétu. Ní ọdún 1886, àwọn ọmọ ogun Dahomey pa Kétu run, wọ́n sì kó àwọn ará ìlú lẹ́rú lọ sí Abomey. Ìròyìn náà dé Àjàṣẹ́. Ẹ̀rù tí ó ba Toffa kì í ṣe ẹ̀rù ojo.

Níbo wá ni àṣìṣe wà? Kò sí nínú pé ó wá olùrànlọ́wọ́. Ìlú kékeré kò lè ṣe kí ó má wá a. Ó wà nínú pé ẹlòmíràn ni ó kọ ìwé àdéhùn náà ní èdè tirẹ̀, àti pé kò sí ọ̀nà kankan tí Àjàṣẹ́ lè gbà lé àlejò náà jáde bí inú bá bí i. Toffa kú lórí ìtẹ́ ní ọdún 1908. Lẹ́yìn rẹ̀, ìjọba amúnisìn kò pe ẹnikẹ́ni ní ọba mọ́. Olóyè àgbà lábẹ́ àṣẹ gómìnà ni wọ́n ń pe àwọn tí ó jẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí a ní kí ó wá bá wa ṣọ́ ilé ti gba kọ́kọ́rọ́.

Ìlà tí wọ́n fà ní Paris

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, àwọn aṣojú Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé kan ní Paris. Ìwé náà fa ìlà tí ó gba odò Adjarra kọjá, tí ó sì lọ tààrà sí ìhà àríwá. Ìpókíà bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àjàṣẹ́ bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìlú Kétu bọ́ sí ìhín, Ìmẹ̀kọ, ọ̀kan nínú àwọn ìlú rẹ̀, bọ́ sí ọ̀hún. Kò sí ará Kétu kankan lórí ìjókòó náà. Ahoro ni ìlú wọn wà ní ọdún yẹn, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà ní ìgbèkùn. Ìdílé kan náà ni ó di ọmọ ìjọba méjì láìṣí ẹsẹ̀ kúrò níbi tí ó wà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju kọ ìwé pàtàkì lórí ọ̀rọ̀ yìí, èyí tí ó jáde ní ọdún 1976. Ó fi hàn pé àwọn baba wa kò fi ọwọ́ lẹ́rán wo ìlà náà. Nígbà tí iṣẹ́ àfipáṣe, owó orí àti kíkó àwọn ọ̀dọ́ sí iṣẹ́ ológun bá wúwo jù ní apá Faransé, àwọn ará abúlé a di ẹrù wọn lóru, wọ́n a sì kọjá sọ́dọ̀ àwọn ìbátan wọn ní apá kejì. Àwọn Ọ̀họ̀rí tí ó wà ní agbègbè Pobè tilẹ̀ kọ̀ jálẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní. Ìlà tí wọ́n fà láti pín wa ni àwọn baba wa sọ di ibi ìsádi.

Aládùúgbò tí ó jẹ́ ìbátan

Dahomey gba òmìnira ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 1960. Nàìjíríà gba tirẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún náà. Ní ọdún 1964, ní Cairo, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà pinnu pé àwọn kò ní yí ààlà tí àwọn amúnisìn fi sílẹ̀ padà. Ní ọdún 1975, ní Èkó, wọ́n dá CEDEAO sílẹ̀ kí ọjà àti ènìyàn lè máa kọjá ní ìrọ̀rùn. Síbẹ̀, Nàìjíríà ti ìbodè ní ọdún 1984, ó tì í ní ọdún 2003, ó sì tún tì í láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Kò tíì pé ọdún kan tí àwọn ààrẹ méjèèjì jọ ṣí ibùdó ìbodè tuntun ní Sèmè-Kraké nígbà tí wọ́n tún tì í lọ́tẹ̀ yìí.

Nàìjíríà ní ẹjọ́ tirẹ̀: ìrẹsì àti adìyẹ inú yìnyín tí ń gba ẹ̀yìn wọlé ń ba iṣẹ́ àwọn àgbẹ̀ rẹ̀ jẹ́. A kò lè sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń gbin ọ̀pẹ̀ òyìnbó ní Allada, tí kì í ṣe ayédèrú ọjà, pàdánù oníbàárà wọn. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà sì fagi lé owó ìrànwọ́ orí epo ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni owó kpayo ti fò sókè ní ẹ̀bá títì wa, tí àwọn oní-zémidjan sì fi kún owó ọkọ̀. A kò dìbò ní Abuja, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá sọ ní Abuja ń dé inú ìkòkò ọbẹ̀ wa kí ó tó dé inú ìwé ìròyìn wa. Àwọn àgbà ní a kì í torí pé a bá ni tan, kí a fa ni ní itan ya. Ọ̀rọ̀ yìí bá Nàìjíríà wí, ó sì bá àwa náà wí.

Kí ni ó kù sí ọwọ́ wa? Ẹ lọ sí ọjà Ouando ní ọjọ́ tí ó bá kún. Ìyá kan yóò bá oníbàárà kan sọ Gùn, yóò kí èkejì ní Yorùbá, yóò sì ṣírò owó fún ẹ̀kẹta ní Faransé, láìgba ìwé ẹ̀rí kankan. Ìmọ̀ yìí ni Àjàṣẹ́ fi la gbogbo ìjọba tí mo kà sílẹ̀ yìí já. Síbẹ̀, àwọn ọmọ kan ń bọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń tijú láti sọ Yorùbá, tí àwọn òbí wọn sì ń rò pé èdè tí kò sí nínú ìdánwò kò ní èrè.

Èrè rẹ̀ kò kéré. Lọ́jọ́ kan, wọn yóò tún jókòó lórí ọ̀rọ̀ ààlà yìí: lórí owó ìbodè, lórí epo, lórí oko tí ìlà là sí méjì. Èdè Faransé àti èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi kọ ìwé náà. Ẹni tí ó gbọ́ Faransé dáadáa, tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì lè béèrè lọ́wọ́ àgbà Ìmẹ̀kọ àti àgbà Kétu ní èdè wọn ibi tí oko baba wọn dé, ẹni náà kò tíì jókòó lórí tábìlì yẹn rí. Ó lè jẹ́ ọ̀kan nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí.