Wales: Ikọ̀ Tó Gba Ojú Fèrèsé Wọ Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé

Àwọn kan nínú kíláàsì wa ṣì máa ń bi mí pé kí ló dé tí Wales fi ń dá ní ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù tirẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé abẹ́ ìjọba kan náà ni òun àti England wà. Ọjọ́ orí ni ìdáhùn rẹ̀. Ọdún 1876 ni wọ́n dá àjọ bọ́ọ̀lù Wales sílẹ̀. FIFA kò dáyé títí di 1904. Ẹni tó ti wà nínú ilé kí wọ́n tó kọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ta ni yóò lé e jáde?

Ìtàn 1958 gan-an ni mo fẹ́ sọ. Lọ́dún náà, Wales kò rí ọ̀nà lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Czechoslovakia ló ṣáájú wọn, wọ́n sì ti gba kámú. Ní apá Éṣíà àti Áfíríkà, ẹ̀wẹ̀, Ísírẹ́lì ń gòkè láì gbá bọ́ọ̀lù rárá: Tọ́kì, Indonesia, Íjíbítì àti Sudan, kò sí èyí tó bá wọn pàdé lórí pápá. FIFA ní yàtọ̀ sí onílé àti ẹni tí ife wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dé Sweden láì ta bọ́ọ̀lù. Ni wọ́n bá ṣẹ́ gègé láàárín àwọn tó ṣe ipò kejì. Belgium ló kọ́kọ́ mú, wọ́n kọ̀. Ó wá kan Wales. Wọ́n na Ísírẹ́lì 2–0 nílé rẹ̀, wọ́n tún nà án 2–0 ní Cardiff.

Bọ́ọ̀lù ti Cardiff yìí ló jẹ́ kí Jimmy Murphy yẹra fún ikú. Òun ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Wales, òun náà sì ni igbákejì Matt Busby ní Manchester United. Ọjọ́ 5 oṣù Kejì 1958 ni wọ́n gbá a, ìyẹn ni kò jẹ́ kó bá United lọ sí Belgrade. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ òfurufú tó ń gbé wọn bọ̀ já ní Munich. Èèyàn 23 ló kú. Murphy ló gbé ẹrù United rù nígbà tí Busby wà ní ọsibítù, kó tó kó Wales lọ sí Sweden ní oṣù Kẹfà.

Wọ́n ta ọ̀mì mẹ́ta níbẹ̀, wọ́n sì na Hungary 2–1 nínú àtúngbá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe John Charles léṣe. Ó lè gbá iwájú, ó lè gbá ẹ̀yìn. Ní Juventus, òmìrán oníwà tútù ni àwọn ará Ítálì ń pè é. Láìsí i, Brazil na Wales 1–0. Ọmọ ọdún 17 kan, Pelé, ló gbá a wọlé, góòlù rẹ̀ àkọ́kọ́ nínú Ife Àgbáyé. Èrò tèmi ni pé ká ní Charles wà lórí pápá, ìtàn Pelé pàápàá ì bá bẹ̀rẹ̀ lọ́nà mìíràn.

Ọdún 64 ló gbà kí wọ́n tó padà. Ian Rush, Ryan Giggs, Neville Southall tó ṣọ́lé fún wọn nígbà 92: kò sí èyí tó dé ibẹ̀. Gareth Bale, tó gbá góòlù 41 fún Wales, ló ta bọ́ọ̀lù tí agbábọ́ọ̀lù Ukraine kan fi orí kàn sáwọ̀n ara wọn, wọ́n sì dé Qatar 2022.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀dá-èdè ẹgbẹ́ mi, ẹ wá wo orúkọ wọn. Inú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni "Wales" ti wá, ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí àjèjì. Àlejò ló wá bá onílé, ó sì pe onílé ní àjèjì! "Cymru" ni àwọn ń pe ara wọn, ìyẹn àwọn ará ilẹ̀ kan náà. Kí wọ́n tó kojú Ukraine, Dafydd Iwan kọ "Yma o Hyd" fún wọn, orin rẹ̀ ti ọdún 1983 tí àkọlé rẹ̀ ń sọ pé a ṣì wà níbí. Kò tó ẹnì kan nínú márùn-ún ará Wales tó ń sọ èdè náà báyìí, síbẹ̀ pápá ìṣeré Cardiff gbe orin yẹn bí ẹni pé gbogbo wọn ló ń sọ ọ́ nílé.