Táńkì Omi Àlòkù: Ẹ Kọ́kọ́ Yẹ Ibi Tí Yóò Jókòó Wò

Gbogbo wa la mọ̀ pé láàárín oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, ooru Sábọ̀n-Gàrí àti ti gbogbo ìpínlẹ̀ Kánò kì í ṣe kékeré. Ìgbà náà ni kàǹga ń gbẹ, tí omi ẹ̀rọ kì í yọ déédéé, tí àwọn mai ruwa sì ń gbówó lé kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ń fi ọmọlanke tì kiri. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ agboolé wa fi ń wá táńkì ńlá tí wọn yóò máa tọ́jú omi sí.

Táńkì tuntun wọ́n. Àlòkù la sáàbà ń rí rà, pàápàá lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́ lọ sílé, sí Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin tàbí Ìbàdàn. Ohun rere ni. Ẹni tó ń lọ rí owó ọkọ̀, ẹni tó kù rí táńkì. Ṣùgbọ́n kí a fi ọ̀rọ̀ kan sọ́kàn: táńkì òfìfo tí ọkùnrin méjì gbé láìlàágùn, bí omi bá kún inú rẹ̀, ẹrù mìíràn ló dà. Líítà omi kan, kílò kan ni. Táńkì 2,000 líítà tó kún wúwo tó àpò sìmẹ́ńtì 40. Ti 5,000 líítà tó àpò sìmẹ́ńtì 100. Ta ni yóò to àpò sìmẹ́ńtì 100 sórí irin tó ti dípẹtà, tí yóò sì jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ máa ṣeré lábẹ́ rẹ̀? Owó tí a bá rí dín lórí táńkì, ìdí táńkì ni kí a ná an sí.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè ohun tí wọ́n ti ń rọ sínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ dísù tàbí kẹrosíìnì, ẹ má rà á fún omi mímu. Ó ti wọ ike náà lára, ọṣẹ kò lè fọ̀ ọ́ kúrò. Oòrùn a sì máa mú ike gan. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀ lálẹ́, kí ẹ yí i ká níta. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ bí ìlà, ó ti sán níbẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé e, ẹ fa omi inú rẹ̀ gbẹ pátápátá. Kí púlọ́ḿbà tú páìpù, kí ẹnikẹ́ni má fi ipá fà á ya. Ẹ má wọ́ ọ nílẹ̀, ẹ má yí i lórí òkúta. Ẹ dà á dùbúlẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹ fi táyà ògbó há a kí ó má yí, ẹ fi okùn dè é níbi méjì. Kí awakọ̀ rọra, nítorí afẹ́fẹ́ a máa gbé táńkì òfìfo.

Bí ilẹ̀ lẹ fẹ́ gbé e kà, ẹ ṣa òkúta kúrò, ẹ gún ilẹ̀ náà kí ó le, kí ẹ da kọnkéré tó fẹ̀ ju ìdí táńkì lọ, tó sì tẹ́jú. Bíríkìlà lè fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí omi wà nínú rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Bí orí irin ni, kí wẹ́dà yẹ ẹsẹ̀ irin wò níbi tó ti wọlẹ̀, ibẹ̀ ló ti máa ń jẹrà. Kí kọnkéré mú ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí pákó tí a tẹ́ sókè má ní àlàfo tí ìdí táńkì yóò gbà rì. Òjò oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án a máa wọ́ yẹ̀pẹ̀ lọ; irin tó dúró ṣinṣin nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lè tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà òjò.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ má rọ ọ́ kún. Ẹ rọ omi dé ìdajì, ẹ ṣọ́ ọ di ọjọ́ kejì. Ẹ fọ inú rẹ̀ dáadáa, lẹ́yìn náà kí ẹ rọ omi kún un, kí ẹ da bílíìṣì tí kò ní lọ́fínńdà sí i, líítà kan fún 1,000 líítà omi. Ó di àárọ̀ kí ẹ tó dà á nù, kí ẹ sì ṣan án. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mu omi náà. Kí ọmọrí rẹ̀ máa wà ní títì, nítorí ẹ̀fọn àti nítorí àwọn ọmọdé.

Ó ku ọ̀rọ̀ onílé. Ayálégbé ni púpọ̀ nínú wa. Kí a tó gbẹ́ ilẹ̀ ẹlòmíràn, kí a gba àṣẹ, kí a kọ ọ́ sínú ìwé pé ti ayálégbé ni táńkì àti irin rẹ̀, kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i. Bí a bá ń kó lọ lọ́la, kò ní di ìjà.

Nínú àgbàlá wa, kì í ṣe Yorùbá nìkan ló ń pọn omi. Hausa ń pọn ọ́n, Ìgbò ń pọn ọ́n. Bí táńkì bá wó, kò ní béèrè ẹ̀yà ẹni tó dúró lábẹ́ rẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni kí a ṣe é. A ó fi àlàáfíà mu omi wa o.