Ọ̀nà Ẹsẹ̀ Inú Oko Àwọn Òyìnbó: Ẹ̀tọ́ Wa Ni Láti Gbà Á Kọjá

Bí ojú ọjọ́ bá ti móoru díẹ̀ báyìí, àwọn òyìnbó á wọ bàtà ńlá, wọ́n á gbé báàgì kọ́ èjìká, ó di inú oko. Bí ẹ bá ní kí àwa náà bá wọn lọ, èsì méjì lẹ máa gbọ́. Èkíní: "Kí ni mo fẹ́ lọ wá nínú igbó? Ṣé ọdẹ ni mí ni?" Èkejì ni ìbẹ̀rù: "Ilẹ̀ onílẹ̀ nìyẹn, kí wọ́n má lọ pe ọlọ́pàá fún mi." Ti èkíní, kálukú ló mọ ohun tó wù ú. Ti èkejì yìí ni mo fẹ́ ṣàlàyé, torí pé òfin ti dáhùn ẹ̀ tipẹ́tipẹ́.

Ní England àti Wales, ọ̀nà tí gbogbo èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà lọ káàkiri ìgbèríko. Bí a bá so wọ́n pọ̀, wọ́n gùn tó nǹkan bí 140,000 máìlì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gba àárín oko kọjá, òmíràn tiẹ̀ gba ẹ̀yìnkùlé olówó. Olóko ló ni ilẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló ni ẹ̀tọ́ láti kọjá. Ọ̀rọ̀ yìí ò yẹ kó ṣàjèjì sí wa. Ṣebí nílé náà, ọ̀nà odò tàbí ọ̀nà oko bàbá wa máa ń gba inú oko ẹlòmíì kọjá, kò sì sẹ́ni tó máa bi wá pé kí la wá ṣe, níwọ̀n ìgbà tí a ò bá ti fọwọ́ kan iṣu ẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àwọn òyìnbó kọ tiwọn sílẹ̀. Òfin ọdún 1949 ló ní kí àwọn káńsù ya àwọn ọ̀nà yìí sórí máàpù. Èyí tó bá ti wà lórí máàpù yẹn, ẹ̀rí tó dúró ni níwájú adájọ́.

Wọn ò ṣàdédé rí i gbà o. Lọ́jọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 1932, ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ gun òkè Kinder Scout ní Derbyshire. Nígbà yẹn, àwọn olówó ti ti ibẹ̀ pa torí ẹyẹ tí wọ́n ń yìnbọn pa fún fàájì. Àwọn àti àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ibẹ̀ wọ̀yá ìjà, wọ́n sì rán ọmọkùnrin márùn-ún lẹ́wọ̀n. Aṣáájú wọn, Benny Rothman, ò ju ọmọ ogún ọdún lọ. Júù ni, ọmọ àwọn tó ṣí wá láti Romania. Ẹ gbọ́ dáadáa o: ọmọ àlejò wà lára àwọn tó jà fún ẹ̀tọ́ yìí. Òfin ọdún 2000 wá fi kún un pé lórí àwọn òkè, pápá gbalasa àti ilẹ̀ àjùmọ̀ni tí wọ́n sàmì sí, èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn kúrò lójú ọ̀nà pàápàá.

Báwo lẹ ṣe máa dá ọ̀nà náà mọ̀? Létí títì, ẹ máa rí òpó tí wọ́n kọ "Public Footpath" sí. Tí ẹ bá wọnú oko, ọfà kékeré lẹ máa tẹ̀ lé lára ọ̀pá àti géètì. Ọfà yẹ́lò, ẹlẹ́sẹ̀ nìkan. Ọfà búlúù, ẹlẹ́sẹ̀, ẹlẹ́ṣin àti oníkẹ̀kẹ́. Bí ẹ bá rí "permissive path", ìyẹn yàtọ̀, àánú onílẹ̀ ni, ó lè tì í nígbà tó bá wù ú. Ẹ wá máàpù Ordnance Survey tí wọ́n ń pè ní Explorer, èyí tí ẹ̀yìn ẹ̀ láwọ̀ ọsàn. Ìlà tín-ín-rín aláwọ̀ ewé tó gé sí wẹ́wẹ́ lórí ẹ̀ ni àwọn ọ̀nà yìí. Fóònù dára, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ̀kì lè má sí láàárín òkè méjì.

Bí olóko bá túlẹ̀ gba orí ọ̀nà tó la oko kọjá ńkọ́? Òfin ní kó tún un ṣe, kó fẹ̀ tó mítà kan ó kéré tán. Bí kò bá ṣe é, ẹ gba ibi tí máàpù wí, kí ẹ sì fi tó káńsù létí. Pátákó "Trespassers will be prosecuted" tó ń dẹ́rù bà wá yẹn, ariwo ló pọ̀ nínú ẹ̀. Lọ́pọ̀ ibi, kí èèyàn kàn ṣìnà wọ ilẹ̀ onílẹ̀ kì í ṣe ọ̀ràn ọlọ́pàá. Àárín ẹ̀yin àti onílẹ̀ ni, òun ló lè pè yín lẹ́jọ́. Bó bá ní kẹ́ ẹ kúrò, ẹ bẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ padà sójú ọ̀nà. Ojú irin àti ilẹ̀ ológun ni ẹ má dán wò rárá.

Ará London lè bẹ̀rẹ̀ ní Epping Forest, tí òfin ọdún 1878 ti yà sọ́tọ̀ fún ìgbádùn ará ìlú. Ẹ wọ Central Line, ẹ sọ̀ ní Loughton. Box Hill ní Surrey náà dára. Ọkọ̀ ojú irin máa já yín sílẹ̀ ní Box Hill & Westhumble, òkúta sì wà nínú odò Mole tí àwọn ọmọ á máa tẹ̀ kọjá. Òkè yẹn á jẹ́ kẹ́ ẹ mí hẹlẹ o. Ẹ̀yin ará Manchester àti Sheffield, ọkọ̀ ojú irin ń lọ tààrà sí Edale, lẹ́sẹ̀ òkè Kinder fúnra ẹ̀.

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Kò sówó àbáwọlé. Tí ẹ bá tó mẹ́ta sí mẹ́sàn-án, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin máa ń yọ ìdámẹ́ta owó tíkẹ́ẹ̀tì fún yín tí kì í bá ṣe àsìkò tí èrò pọ̀. GroupSave ni wọ́n ń pè é. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ bu jọ̀lọ́ọ̀fù sínú fúláàsì, ó parí. Ẹ má wọ bàtà funfun o, ẹrẹ̀ ò mọ olówó.

Wọ́n á wò yín nígbà míì, pàápàá lábúlé. Ẹ kí wọn. Òyìnbó tí kì í kíni nínú ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀, tó bá pàdé yín lójú ọ̀nà oko, òun gan-an ló máa kọ́kọ́ sọ pé "Good morning". Èyí yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún màlúù tó ní ọmọ lẹ́yìn. Ẹ má gba àárín òun àti ọmọ ẹ̀ kọjá, ẹ rọra yí i ká. Bí ẹ bá mú ajá dání tí màlúù sì ń lé yín, ẹ jọ̀wọ́ okùn ajá. Géètì tí ẹ bá ní títì, ẹ tì í padà. Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn nítorí eégbọn, tí ẹ bá délé kí ẹ yẹ ara àwọn ọmọ wò. Bí ojú ibi tó gé jẹ bá ń pọ́n tó ń fẹ̀ sí i, ẹ lọ rí dókítà, torí àrùn Lyme. Ní oṣù Kejìlá, oòrùn ti ń wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, ẹ tètè jáde.

Àwọn ìyá wa á bi mí pé ṣé èèyàn lè já nǹkan. Èso blackberry máa ń pọ́n ní oṣù Kẹjọ sí Ìkẹsàn-án. Òfin ọdún 1968 ò ka jíjá èso tó hù fúnra ẹ̀ sí olè, tí kì í bá ṣe fún títà. Ẹ má hú igi tàbí òdòdó tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Olú ní tiẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni ká a ní Epping Forest, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní death cap máa ń jọ olú tó ṣeé jẹ, ó sì ń pa èèyàn. Sísè ò lè pa májèlé inú ẹ̀.