Ọyẹ́ Ìbàdàn àti Ìpẹ̀kun Ayé

Láàárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ ní Ìbàdàn, ẹni tó fẹ́ wẹ̀ á kọ́kọ́ gbé omi kaná. Ọmọ iléèwé á kó sínú súẹ́tà, ìyá rẹ̀ á fi òrí pa á létè. Ṣùgbọ́n kó tó di aago méjì ọ̀sán, súẹ́tà ti wọnú báàgì, ọmọ ti ń wá omi tútù kiri. Dígírì 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ooru fi gòkè láàárín àárọ̀ sí ọ̀sán.

Lọ́dọ̀ wa, oòrùn ọ̀sán máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sí àtàrí. Lóru, ó ti lọ sábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ìrìn gígùn yẹn ló ń gbé ooru sókè sódò. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ tó ti Sàhárà wá tún gbẹ, kò sí ìkúukùu tí ilẹ̀ máa fi bora lóru, ooru á sì fò lọ. Nígbà òjò, aṣọ ìbora náà nípọn, ìyàtọ̀ ọ̀sán àti òru á dín kù. Síbẹ̀, ní Èkó, ìyàtọ̀ yẹn ṣì ju ìyàtọ̀ tó wà láàárín oṣù tó gbóná jù àti èyí tó tutù jù lọ.

Bí a bá ṣe ń jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé ni ọ̀rọ̀ ń yí padà. Ará wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ pé otútù oṣù Kìíní kì í gbọ́ ti ọ̀sán: dígírì bíi 8 lọ́sàn-án, bíi 3 lóru. Ní Longyearbyen, ìlú àwọn ará Nọ́wè ní erékùṣù Svalbard, oòrùn kì í yọ rárá láti ìparí oṣù Kẹwàá títí di àárín oṣù Kejì. Níbẹ̀, atẹ́gùn àti ìkúukùu ló ń sọ bí otútù yóò ṣe rí, kì í ṣe aago.

Ní ìpẹ̀kun gúúsù ayé gan-an, níbi tí ibùdó Amundsen-Scott wà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni oòrùn ń yọ, ní oṣù Kẹsàn-án; oṣù Kẹta ló ń wọ̀. Bó bá ti yọ, yíyí ló ń yí po lójú ọ̀run, gíga rẹ̀ láago méjìlá òru kò yàtọ̀ sí ti ọ̀sán. Nítorí náà, òru kì í mú otútù wá. Àmọ́ láti oṣù Kìíní dé oṣù Keje, ooru á já láti nǹkan bíi dígírì 28 nísàlẹ̀ òdo dé nǹkan bíi 60.

Lọ́dọ̀ tiwa, òru ni ìgbà otútù wa. Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ pé ilẹ̀ wa kò ní ìgbà otútù, ẹ ní kó jí láago márùn-ún ìdájí ọyẹ́, kó fi omi àmù wẹ̀.